Làpálàpá Ara Òkúta

Omi ti wọ inú báàgì. Afínjú da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ̀, àpò pépà kéékèèké márùn-ún sì ṣubú síta, gbogbo wọn rọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ó gbé àkọ́kọ́ sókè. Ohun tó kọ sára rẹ̀ ti di omi aró. Ó gbé èkejì, bákan náà ni. Ó wo bíírò ẹlẹ́nu tín-ín-rín tó fi kọ wọ́n, èyí tí àbúrò ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí igun yàrá.

"Kí ni bíírò ṣe fún ọ?" Bàbá rẹ̀ kò gbójú sókè. Agbẹ́kùúta ni, ó ń gbẹ́ orúkọ ẹnì kan sára òkúta ibojì, orúkọ náà sì gùn.

"Òjò ti fọ gbogbo ohun tí mo kọ dànù, Bàbá."

"Ṣé kì í ṣe pẹ́ńsùlù ni tíṣà yín ní kí ẹ máa fi kọ ọ́?"

Tíṣà ti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù máa ń ra mọ́ pépà, ó sì máa ń sọ ìka ọwọ́ di dúdú. Ọmọ tí gbogbo iléèwé ń pè ní Afínjú, tó jẹ́ pé rúlà ló fi ń fa ìlà sábẹ́ déètì, kò lè gbà kí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Lánàá ló gbé pẹ́ńsùlù jù sílẹ̀ tó mú bíírò. Lónìí, òjò na òun àti báàgì rẹ̀ láti iléèwé délé.

Ohun tó wà nínú àwọn àpò náà, kò sí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó ní orúkọ. Láíkìn ni. Òun ni àbààwọ́n roboto-roboto tó máa ń wà lára ògiri àtijọ́, lára èèpo igi àti lára òkúta ibojì, òmíràn dà bí eérú, òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bàbá Afínjú ń pè é ní làpálàpá òkúta, nítorí bí làpálàpá orí ọmọdé ló ṣe ń ràn ká. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òkúta àtijọ́ wá fún àtúnṣe, búrọ́ọ̀ṣì onírin ló fi ń ha làpálàpá náà kúrò, á sì fi ẹsẹ̀ gbá eruku rẹ̀ síta.

Ẹni tó kọ́ Afínjú pé ohun tí bàbá rẹ̀ ń gbá dànù tó ohun à ń kúnlẹ̀ wò ni tíṣà tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì. Awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá kì í kúrò lọ́rùn ọkùnrin náà, ìyẹn ni àwọn ọmọ ṣe ń pè é ní Tíṣà Awò.

"Ẹ má pè é ní ewéko," ó sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "ẹ má sì pè é ní olú. Ilé kan ni, àwọn méjì ló jọ ń gbé inú rẹ̀. Olú ló kọ́ ilé. Òun ló ṣe òrùlé, òun ló ṣe ògiri, òun ló sì fi okùn tín-ín-rín so ilé náà mọ́ òkúta. Abẹ́ òrùlé yẹn ni ewéko tíntìntín kan wà, irú èyí tó ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi oòrùn se oúnjẹ. Olú ò lè dáná. Ewéko yẹn ò sì lè kọ́lé."

Ọwọ́ kan lọ sókè lẹ́yìn. Gbabí ni, ọ̀rẹ́ Afínjú, ọmọbìnrin tó mọ gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú ìlú, tó jẹ́ pé "Ẹ jẹ́ ká gba bí" ni ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Sà, ta ló wá ń fọ abọ́?"

Kíláàsì dà rú fún ẹ̀rín. Tíṣà Awò náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni wọn yóò máa rí. Àkọ́kọ́ ni alẹ̀mọ́, èyí tó lẹ̀ mọ́ òkúta pẹ́kí-pẹ́kí. Alẹ̀mọ́ kò ní awọ nísàlẹ̀, inú òkúta gan-an ni okùn rẹ̀ wọ̀ lọ, ẹni tó bá fẹ́ mú un kò lè ṣí i nìkan, àfi kó fi ṣísẹ́lì bu òkúta mọ́ ọn. Èkejì ni eléwé, tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì ṣeé fi èékánná ṣí létí. Ẹ̀kẹta ni onírùngbọ̀n, tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀ka igi bí irùngbọ̀n àgbàlagbà, tí kì í sì í fẹ́ èéfín rárá.

Ilé Àkójọ Ewéko tó wà ní olú-ìlú ló ń ya máàpù láíkìn fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, iléèwé kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n fún ní ìlú tirẹ̀. Fún oṣù méjì, kíláàsì wọn ti rin ìlú já. Lẹ́bàá iléeṣẹ́ bíríkì tó ń tú èéfín, alẹ̀mọ́ nìkan ni wọ́n rí. Lẹ́yìn afárá, eléwé bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ni wọ́n tó rí onírùngbọ̀n, gbogbo wọn sì pariwo bí ẹni tó rí mọ̀lẹ́bí tó ti sọnù. Bí àwọ̀ ṣe ń yí padà lórí máàpù náà, ènìyàn lè fi ojú lásán mọ ibi tí atẹ́gùn ìlú ti mọ́ àti ibi tí kò ti mọ́.

Ìlérí kan wà nínú iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá gba máàpù iléèwé kan wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láti ibẹ̀ yóò lo ìsinmi ní Ilé Àkójọ Ewéko, yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ awò ńlá, yóò sì rí olú àti ewéko nínú ilé wọn ní ojúkojú. Láti ọjọ́ tí Afínjú ti gbọ́ èyí, oorun rẹ̀ kò dùn mọ́. Ó fẹ́ ipò yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi, gbogbo kíláàsì sì mọ̀ pé bí kò bá jẹ́ òun, ta ni ì bá jẹ́?

Ṣùgbọ́n òfin kan wà pẹ̀lú. "Orí àpò ni ẹ ó ti kọ ibi tí ẹ ti mú un, lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù," ni Tíṣà Awò wí. "Àpò tí kò bá ní ibi tó ti wá, pàǹtírí ni. Èyí tó bá wá parọ́ ibi tó ti wá, ẹ jọ̀ọ́, ó sàn kí ẹ gbé pàǹtírí wá fún mi."

Nínú àwọn àpò márùn-ún tí òjò bàjẹ́, mẹ́rin kò ṣòro. Èèpo igi ló wà nínú wọn, Afínjú sì mọ igi kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún ló já a láyà. Èérún òkúta ni, alẹ̀mọ́ ló wà lórí rẹ̀. Lánàá, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ìkánjú gba géètì iléèwé kọjá, ó gba itẹ́ òkú, ó gba afárá, ó gba etí odò, ó sì ń fi ṣísẹ́lì kékeré bàbá rẹ̀ bu nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nǹkan eléérú tí kò jọjú ni lójú rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ ibi tó ti mú un, ó sì gbàgbé, nítorí pé ó ti kọ ọ́.

Nígbà tó wá ṣí àpò yẹn báyìí, ó gbàgbé ẹkún tó fẹ́ sun. Omi òjò ti sọ nǹkan eléérú náà di àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀, àwọn àwo kéékèèké aláwọ̀ ọsàn sì tò sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, etí wọn dúdú bí ẹni fi tìróò là á yíká. Irú rẹ̀ kò sí nínú gbogbo ohun tí kíláàsì wọn ti kó jọ.

"Bàbá, ẹ wò ó."

Bàbá rẹ̀ na ọrùn díẹ̀. "Làpálàpá tó múra òde ni," ó wí, ó sì padà sídìí lẹ́tà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Tíṣà Awò fi awò rẹ̀ wo èérún òkúta náà títí tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Nígbà tó gbé orí sókè, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ọdún méjìlá ni mo ti ń wo láíkìn. N ò rí irú èyí rí. Níbo lo ti rí i?"

Gbogbo kíláàsì ti yíjú sí i. Ó kù fún un kó sọ pé òun kò mọ̀, pé bíírò ni òun fi kọ ọ́, kí gbogbo wọn sì gbọ́ pé Afínjú ló gbé pàǹtírí wá. Gbabí, tó ti gbọ́ gbogbo ìtàn náà lójú ọ̀nà, tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ̀.

"Gba bí," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sọ pé géètì ni."

Ó kúkú gba géètì kọjá lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Afínjú ṣe sọ fún ọkàn ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì la ẹnu.

"Lára òpó géètì iléèwé wa ni, sà."

Ariwo tó sọ kò kéré. Àwọn ọmọ ń lu tábìlì. Ẹnì kan ní òun ti máa ń fi ẹ̀yìn ti òpó náà láràárọ̀ láìmọ̀ pé ọba ni òun ń fi ẹ̀yìn tì. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́ sílẹ̀, kò tún ṣeé kó jọ mọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀gá àgbà iléèwé ti wá fúnra rẹ̀, ó ti so okùn pupa yí òpó géètì méjèèjì ká, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá fara kàn wọ́n yóò gé koríko. Tíṣà Awò fi fọ́tò ránṣẹ́ sí Ilé Àkójọ Ewéko. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: Màmá Ọ̀mọ̀wé, obìnrin tó mọ láíkìn jù lọ níbẹ̀, ń bọ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ láti wá wo géètì náà.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni bàbá Afínjú, nítorí òun ló gbẹ́ òpó géètì náà lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sọ fún ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì ọ̀nà. Ó sọ fún alábúrẹ́dì ìkóríta. Ó sọ fún oníbàárà tó wá béèrè òkúta bàbá rẹ̀, èyí tí kò béèrè ọ̀rọ̀ géètì rárá.

"Ọmọ mi ló rí i. Ara òkúta tèmi ló sì wà. Nínú gbogbo òkúta ayé, tèmi ló yàn láti gbé."

Afínjú gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú ilé. Ó ti máa ń fẹ́ kí bàbá òun fi òun yangàn báyìí. Nísinsìnyí tó dé, ńṣe ló ti fèrèsé pa.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn iléèwé, ó ń fi pẹ́ńsùlù kọ àpò tuntun fún èérún òkúta náà, tí Tíṣà Awò ti dá padà fún un, nígbà tí bàbá rẹ̀ nu ọwọ́ tó sì jókòó tì í. "Jẹ́ kí n rí i dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, n ò wò ó bó ṣe yẹ."

Ó gbà á, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ènìyàn tó ti wo nǹkan yìí, orí rẹ̀ ni wọ́n wò. Agbẹ́kùúta yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀. Ó fi èékánná ha á. Ó dúró, ó wo èékánná náà, ó sì dìde lọ mú àbọ̀ ọsàn wẹ́wẹ́ tó kù lórí pẹpẹ. Ẹ̀kán omi rẹ̀ kan ló fún sí ìdí òkúta náà, òkúta náà sì hó wuruwuru bí ọṣẹ.

"Òkúta ta ni èyí?"

"Bàbá..."

"Géètì yín, akọ òkúta ni, ó ń dán bí iyọ̀. Ṣísẹ́lì mẹ́ta ló kán mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó gbẹ́ ẹ tán. Èyí, òkúta ẹfun ni. Èékánná lásán ń ha á, omi ọsàn ń mú un hó. Tí n bá fi èyí ṣe géètì, òjò ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́." Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Nítorí náà, mo tún ń bi ọ́. Níbo lo ti rí i?"

Afínjú sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹkún, láti orí bíírò títí dé orí géètì. Bàbá rẹ̀ kò nà án, kò sì gbé ohùn sókè. Ó kàn ń wo ojú ọ̀nà.

"Mo sọ fún alábúrẹ́dì," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún un."

Ọ̀rọ̀ yẹn ro ọmọ náà lára ju pàṣán lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú."

"Mo mọ ibi tí òkúta yìí ti wá," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ibì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ìlú yìí."

Afínjú nu ojú. Ìrètí ti tún wọlé. "Ẹ jẹ́ ká lọ! Tí a bá rí i, màá kọ ibẹ̀ sí ara àpò kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Màá ní àwọn àpò ló dà pọ̀ mọ́ra. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ibi tí òkúta ti wá, làpálàpá nìyẹn. Èmi lè bá ọ pa á. Ẹ̀tẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹnu rẹ ló ti jáde. Ìwọ lo mọ bí o ṣe máa ṣe é."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì lọ sí etí odò, níbi tí ilé ìfọṣọ àtijọ́ wà. Ilé náà ti wó, àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú omi nìkan ló kù, ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ ó lé kan. Bàbá Afínjú sọ pé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló fi àtẹ̀gùn yìí han òun, pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé òkúta rẹ̀ wá láti etí òkun, nígbà tí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni kò tíì dáyé. Wọ́n kúnlẹ̀ sí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ etí òkúta lọ.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá ni wọ́n ti rí ojú ọgbẹ́ náà. Ó funfun, ó sì kéré, bí ibi tí eyín ọmọdé ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Afínjú mú èérún òkúta jáde, ó gbé e sí i. Ó wọlé wẹ́kú. Kò sí àlàfo tí irun lè gbà kọjá.

"Wo ibí." Bàbá rẹ̀ fi ìka tọ ìlà tín-ín-rín kan tó gba àárín ọgbẹ́ náà kọjá. Ó yọ ṣísẹ́lì kékeré rẹ̀ láti inú àpò ṣòkòtò, ó sì fi ẹnu rẹ̀ hàn án. Ẹnu ṣísẹ́lì náà kán níbì kan. "Ọdún tó kọjá ló kán. Ibikíbi tí ṣísẹ́lì yìí bá kàn, ìlà yẹn ló máa fi síbẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Afínjú wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ti mọ̀ pé bàbá òun ń gbẹ́ òkúta. Kò mọ̀ pé bàbá òun lè ka òkúta bí ìwé. Ọkàn rẹ̀ wú, ó sì rò ó pé ọkùnrin tó báyìí kò yẹ lẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ yóò sọ di onírọ́ lójú alábúrẹ́dì.

Bàbá náà ń wo àwọn àbààwọ́n yòókù tó wà lára àtẹ̀gùn náà. "Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní kí n wá fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo èyí kúrò. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀yìn tó ń dùn mí lọ́jọ́ náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Gbabí pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Afínjú sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un, Gbabí sì di apá rẹ̀ mú.

"Ṣé orí rẹ pé? Kàn ní o ṣì í kọ ni. Tí o bá sọ pé o parọ́, wọn ò ní mú ọ lọ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà oṣù méjì!"

"Mo mọ̀," ni Afínjú wí. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́.

Gbogbo iléèwé ti tò sí ẹnu géètì. Àwọn òbí kan wá, bàbá Afínjú sì wà láàárín wọn pẹ̀lú ẹ̀wù tó lọ̀ tán. Màmá Ọ̀mọ̀wé jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà rọ́bà, báàgì rẹ̀ kún fún ìwé. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ nípa òpó géètì àti iyì iléèwé, ó sọ̀rọ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni Màmá Ọ̀mọ̀wé yọ awò rẹ̀, tó sì ká ṣòkòtò sókè láti kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ òpó náà.

"Ẹ má wulẹ̀ kúnlẹ̀, mà."

Ohùn Afínjú kéré ju bó ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́. Afínjú jáde láti inú ìlà.

"Kò sí níbẹ̀. Mo parọ́ ni. Bíírò ni mo fi kọ àpò mi, òjò sì fọ̀ ọ́. Nígbà tí sà bi mí, n ò mọ ibi tí mo ti mú un, ojú sì ń tì mí. Mo wá ní géètì ni." Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí. "Bàbá mi ò mọ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ káàkiri. Òun kọ́ ló parọ́. Èmi ni."

Okùn pupa ń fì nínú atẹ́gùn. Tíṣà Awò wo ilẹ̀, ìyẹn sì ni Afínjú kò lè gbàgbé.

Nígbà náà ni ẹsẹ̀ kan wọ́ lórí ilẹ̀, Gbabí sì jáde, ó sorí kọ́. "Èmi ni mo sọ ọ́ sí i létí, mà," ó wí. Kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Màmá Ọ̀mọ̀wé tú ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹnikẹ́ni wá mọ ibi tó ti wá lóòótọ́?"

"Ẹ máa bọ̀, mà," ni agbẹ́kùúta wí.

Gbogbo wọn wọ́ lọ sí etí odò. Nígbà tí èérún òkúta náà wọ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ wẹ́kú, tí ìlà ṣísẹ́lì sì bára mu, Màmá Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn náà, kò sì dìde fún ìgbà pípẹ́.

"Etí òkun nìkan la ti mọ èyí sí," ó sọ níkẹyìn. "Orí òkúta ẹfun ló ń gbé, kò lè gbé orí akọ òkúta. Ó bá òkúta wọ ọkọ̀ wá síbí ni, ó sì ti ń gbé ìlú yín láti ìgbà náà láìsí ẹni tó kí i káàbọ̀." Ó yíjú sí Afínjú. "Ká ní mo ti gba àpò rẹ wọlé látọ̀nà jíjìn, à bá ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pé akọ òkúta ni ibùgbé rẹ̀. Àwọn tí kò tíì sí láyé ni yóò máa wá a kiri níbi tí kò sí. Ṣé o rí bí irọ́ kékeré ṣe ń rìn?"

"Mo rí i, mà."

"Nítorí náà, n ò lè mú ọ lọ."

Afínjú mi orí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń jókòó síwájú kíláàsì, tó fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo àpò rẹ̀ kedere, ni wọ́n fún ní ipò náà, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún un, títí kan Afínjú. Màmá Ọ̀mọ̀wé tún ní kí wọ́n tó gba máàpù ìlú náà wọlé, Afínjú gbọ́dọ̀ padà lọ sí gbogbo ibi méjìlá tó ti mú nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kó tún wọn mú kó sì tún wọn kọ. Gbabí ní òun ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Tíṣà Awò dá a lóhùn pé òun fúnra òun ni, Gbabí yóò sì máa gbé báàgì, láìgba ẹ̀bùrú kankan.

Kí Màmá Ọ̀mọ̀wé tó lọ, ó bọ agbẹ́kùúta lọ́wọ́. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wo orí nǹkan yìí, sà. N kì í sábà wo ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lónìí."

Ìsinmi yẹn gùn. Ọ̀sán gangan ni Afínjú fi ń gun òkè, ó so pẹ́ńsùlù mọ́ okùn kọ́ ọrùn, ìka rẹ̀ dúdú láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń rántí pé ẹlòmíràn ló jókòó síwájú ẹ̀rọ awò ńlá lákòókò yẹn, á dùn ún, á tún tẹ̀síwájú. Àpò méjìlá náà pé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìwé ńlá kan dé ilé wọn. Máàpù orílẹ̀-èdè wà nínú rẹ̀, títẹ̀ tó dán, ìlú wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì kékeré aláwọ̀ ọsàn kan létí odò. Fọ́tò àpò kan tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n tọ́jú sí Ilé Àkójọ Ewéko títí láé. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Afínjú kà á sókè:

"Lórí òkúta ẹfun, ìgbésẹ̀ kọkànlá, àtẹ̀gùn ilé ìfọṣọ àtijọ́." Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mú un. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹni tó dá ibi tó ti wá mọ̀," lẹ́yìn náà ni orúkọ bàbá rẹ̀, lódidi, àti iṣẹ́ rẹ̀: agbẹ́kùúta.

Bàbá rẹ̀ gbé òòlù sílẹ̀. "Tún un kà."

Ó tún un kà.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà ti fi ń gbẹ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn sára òkúta. Kò sí òkúta kan láyé tó ní orúkọ tirẹ̀. Ó gba fọ́tò náà, ó fi ìka tó kún fún eruku tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ sì kún fún omi ayọ̀ tí kò fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, Bàbá?"

"Ọ̀dọ̀ alábúrẹ́dì. Mo jẹ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Dìde, ká jọ lọ."

Ní ìkóríta, bàbá Afínjú sọ gbogbo ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bíírò kò gbẹ́yìn, irọ́ géètì kò gbẹ́yìn, àtẹ̀gùn kò gbẹ́yìn. Afínjú dúró tì í. Kò wo ilẹ̀. Nígbà irọ́ géètì, ńṣe ló ń bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ òpó náà wò. Lónìí, ó fẹ́ kí gbogbo ayé wá. Ohun tó ti kọ́ nìyẹn, ẹ̀kọ́ tí kò sì níí kúrò lára rẹ̀: iyì tí a fi irọ́ kọ́ máa ń sá fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ tó sì tún un ṣe lè pe ẹnikẹ́ni pé kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Alábúrẹ́dì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ápúrọ́ọ̀nù, ó tẹjú mọ́ fọ́tò náà. "Ṣé òótọ́ ni èyí báyìí?"

"Òótọ́ ni, mà," ni Afínjú wí. "Tí ẹ bá ti parí títà, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wò ó."